Irọ́ Tí A Pa fún Dókítà

Àwọn àgbà ní àìsàn ló ṣeé wò, kò sẹ́ni tó rí tọlọ́jọ́ ṣe. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Ṣùgbọ́n àìsàn tí oníṣègùn kò mọ̀, kò ṣeé wò. Ẹni tí ikùn ń run, tó dé ọ̀dọ̀ oníṣègùn tó ní orí ló ń fọ́ òun, orí ni wọn yóò bá a wò títí ikùn yóò fi ṣe iṣẹ́ rẹ̀ tán. Ìtàn tí mo fẹ́ sọ lónìí, ìtàn òótọ́ ni. Ẹ̀mí sọnù nínú rẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó sì kú kò parọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ẹlòmíì ló parọ́, àwọn ni wọ́n jẹ ẹ́.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Ní Ìkòyí-Ilé, olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Orírè, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ara rẹ̀ kò yá pé ta ni dókítà rẹ̀. Yóò kọ́kọ́ wò yín lójú. Dókítà kẹ̀? Àwọn tó mọ̀ ni ìyá ẹlẹ́gbòogi tó wà lọ́jà, oní-kẹ́míìsì tó ń ka hóró oògùn pọ̀ sínú ọ̀rá kékeré, nọ́ọ̀sì tó wà ní ibùdó ìlera, àti ọmọ ìyá kan tó ń ṣiṣẹ́ ní ọsibítù ní Ògbómọ̀ṣọ́, tí wọ́n máa ń pè lórí fóònù bí ọ̀rọ̀ bá ti fẹ́ bọ́ sórí. Bí a bá fẹ́ sọ òótọ́, àwọn wọ̀nyí ni dókítà ẹbí wa. Wọ́n mọ ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru nínú agbo ilé. Wọ́n mọ ọmọ tí ibà máa ń gbé gìrì. Wọ́n mọ bàbá tí kò ní lo oògùn àfi tí wọ́n bá bẹ ìyàwó rẹ̀ kó bá a sọ̀rọ̀.

Àwọn tó sì kọ́ iṣẹ́ dókítà ẹbí ní ilé ẹ̀kọ́ kò jìnnà sí wa. Ní 1907 ni Dókítà George Green, òyìnbó ìjọ Onítẹ̀bọmi, bẹ̀rẹ̀ sí í wo aláìsàn ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ibi tó dá sílẹ̀ ló di Baptist Medical Centre, òun náà ló sì di ọsibítù ẹ̀kọ́ Yunifásítì Bowen ní 2009. Wọ́n ń kọ́ àwọn dókítà níbẹ̀ bí wọn yóò ṣe máa wo ẹbí látòkè délẹ̀, àtọmọdé àtàgbà. Ohun àkọ́kọ́ tí irú dókítà bẹ́ẹ̀ ń kọ́ ni bí a ṣe ń béèrè ìbéèrè: níbo lo ti ń bọ̀, ta lo bá jókòó, kí lo jẹ, kí lo ti lò kó o tó wá síbí? Ìdajì iṣẹ́ rẹ̀ wà nínú etí. Bí ohun tó wọ etí bá jẹ́ irọ́, a jẹ́ pé ìdajì iṣẹ́ náà ti bàjẹ́ kó tó fọwọ́ kan aláìsàn.

Ọdún 2020 ló fi èyí hàn wá gbangba. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kejì ni àyẹ̀wò fi ẹni àkọ́kọ́ tó ní Kòrónà ní Nàìjíríà hàn, ọmọ ilẹ̀ Ítálì kan tó wá ṣiṣẹ́ ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Kó tó di ìparí oṣù Kẹta, àrùn náà ti wọ Ìbàdàn. Ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ní kónílé ó gbélé láti aago méje alẹ́ sí mẹ́fà òwúrọ̀. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ síra wọn, èèyàn ńlá méjì jáde wá sọ fún gbogbo ayé pé àyẹ̀wò ti fi hàn pé àwọn ní in: Ọ̀jọ̀gbọ́n Jesse Òtẹ́gbayọ̀, ọ̀gá àgbà ọsibítù UCH, àti Gómìnà Ṣèyí Mákindé fúnra rẹ̀. Kò sẹ́ni tó fipá mú wọn sọ ọ́. Wọ́n ya ara wọn sọ́tọ̀, wọ́n sì jẹ́ kí àwọn tó bá wọn jókòó mọ̀ kí wọ́n lè ṣọ́ra. Nígbà tí ara gómìnà yá, ó sọ lórí rédíò pé òun po oyin mọ́ òróró habbatus-sauda, òun sì ń lá a láàárọ̀ àti lálẹ́. Oyin ni ọ̀pọ̀ etí gbé lọ. Wọn kò gbé apá kejì ọ̀rọ̀ náà: pé ó ṣe àyẹ̀wò, pé ó sọ èsì rẹ̀ síta, pé ó ti ilẹ̀kùn mọ́rí kó má baà kó o ran ẹlòmíì.

Àwọn kan wà tí wọ́n yan ọ̀nà mìíràn. Láti Ògbómọ̀ṣọ́ sí Ìlọrin, ọ̀nà tí mọ́tò ń rìn láàárín wákàtí kan ni. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹrin ọdún yẹn, wọ́n gbé ọmọ Ọ̀fà kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìlú Ọba dé wá sí ọsibítù ẹ̀kọ́ Yunifásítì Ìlọrin. Ọ̀rọ̀ tó dé etí àwọn tó gbà á wọlé ni pé oúnjẹ tó jẹ ni kò bá a lára mu. Ọ̀rọ̀ ìrìn àjò kò sí níbẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ sì tọ́jú rẹ̀ bí a ṣe ń tọ́jú ẹni tí inú ń run. Ọkùnrin náà kú. Wọ́n gbé òkú fún ẹbí, wọ́n sì sin ín ní Ọ̀fà. Ìgbà tí ilẹ̀ ti bo olóògbé tán ni òótọ́ wá jáde. Ọsibítù náà dá ọ̀jọ̀gbọ́n oníṣègùn kan dúró, wọ́n fẹ̀sùn kàn án pé ó fi ọ̀rọ̀ pamọ́. Wọ́n ní kí àwọn tó fọwọ́ kan aláìsàn náà lọ ya ara wọn sọ́tọ̀. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹrin, ìjọba Kwara kéde ẹni méjì àkọ́kọ́ tó ní Kòrónà ní ìpínlẹ̀ náà. Ìyàwó olóògbé wà nínú wọn.

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí. Kò sí ọ̀tá nínú ìtàn yìí. Ẹni tó fẹ́ràn aláìsàn ló gbé e dé ọsibítù. Bóyá ìbẹ̀rù ló mú wọn pa ìrìn àjò náà mọ́: ìbẹ̀rù pé wọn yóò gbé e lọ síbi tí ẹbí kò ti ní rí i mọ́, tàbí pé àdúgbò yóò máa na ìka sí ilé wọn. Ìfẹ́ ló bí irọ́ náà. Irọ́ náà kò sì dá aláìsàn sí, ó kàn ṣílẹ̀kùn fún àrùn láti kọjá sára ẹlòmíì ni.

Bẹ́ẹ̀, ní 2020 yẹn, ọdún mẹ́fà péré ni ó ti kọjá lẹ́yìn tí irú irọ́ yìí ti gbẹ̀mí ní ilẹ̀ wa. Ọ̀pọ̀ wa ti gbàgbé. Ẹ jẹ́ kí n rán wa létí.

Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 20 oṣù Keje ọdún 2014, ọkọ̀ òfurufú kan balẹ̀ sí Èkó. Patrick Sawyer, òṣìṣẹ́ ìjọba Làìbéríà, wà nínú rẹ̀, ó ń lọ sí ìpàdé àjọ ECOWAS ní Calabar. Ara rẹ̀ ti ń gbóná, kò sì lè dúró dáadáa. Àwọn dókítà ọsibítù ìjọba wà lẹ́nu ìyanṣẹ́lódì, nítorí náà wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù aládàáni kan ní Ọbáléndé, First Consultants. Wọ́n bi í bóyá ó ti fara kan ẹni tó ní Ẹ́bólà. Ó ní rárá. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, wọ́n rí ibà nínú rẹ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú ibà. Kò sọ fún wọn pé arábìnrin òun kú ikú Ẹ́bólà ní Monrovia nínú oṣù kan náà, pé òun sì wà lọ́dọ̀ rẹ̀ nígbà àìsàn náà.

Dókítà Ameyo Stella Adadevoh ni ó kọ́kọ́ fura. Ìran Herbert Macaulay ni obìnrin yìí, ìran Bíṣọ́ọ̀bù Sámúẹ́lì Àjàyí Crowther sì ni, ọmọ Òṣoògùn ní ilẹ̀ Ọ̀yọ́ tiwa níbí. Nígbà tí oògùn ibà kò ran aláìsàn rẹ̀, ó padà sí ìbéèrè: Làìbéríà lo ti wá, Ẹ́bólà wà níbẹ̀, ṣé o kò bá ẹni tó ní in pàdé? Sawyer tún sẹ́. Obìnrin náà kò gba ẹnu rẹ̀ gbọ́ mọ́. Ó ní kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò, ó sì kọ̀ kí ọkùnrin náà jáde, bí àwọn aláṣẹ Làìbéríà tilẹ̀ ń dà á láàmú pé kó fi í sílẹ̀. Ẹ rò ó wò ná: ká ní ó ti jẹ́ kó lọ, ká ní ó ti wọ inú gbọ̀ngàn ìpàdé yẹn, ká ní ó ti wọ ọjà Èkó. Sawyer kú ní ọjọ́ 25 oṣù Keje. Dókítà Adadevoh kú ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹjọ. Dókítà mìíràn kan, nọ́ọ̀sì kan àti obìnrin kan tó ń tọ́jú wọ́ọ̀dù ní ọsibítù náà kú pẹ̀lú.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń sọ ìtàn náà mọ nìyẹn. Apá kejì rẹ̀ ni mo fẹ́ ká fi etí sí jù lọ, torí òun ló jọ tiwa.

Òṣìṣẹ́ ECOWAS kan wà lára àwọn tó lọ pàdé Sawyer ní pápákọ̀ òfurufú. Wọ́n ti kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lára àwọn tí wọn yóò máa ṣọ́ ní Èkó fún ọjọ́ 21. Nígbà tí ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná, kò sọ fún àwọn tó ń ṣọ́ ọ. Ó wọ ọkọ̀ òfurufú, ó di Port Harcourt, ó sì wá dókítà kan tí yóò tọ́jú rẹ̀ ní bòókẹ́lẹ́. Dókítà náà gbà. Kò gbé e wọ ọsibítù rẹ̀, òtẹ́ẹ̀lì ló ti lọ ń wò ó ní ọjọ́ mélòó kan ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹjọ. Ara aláìsàn yá. Ó padà sí Èkó. Ká ní ìtàn náà parí síbẹ̀ ni, àwọn kan ì bá máa ròyìn dókítà yìí bí ọ̀rẹ́ tòótọ́, ẹni tó bá wọn bo àṣírí.

Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹjọ, ara dókítà fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Ó ṣì ń lọ síbi iṣẹ́. Ó ń wo aláìsàn, ó tilẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ 13, kò lè jáde nílé mọ́. Ọmọ tuntun wà nínú ilé náà lákòókò yẹn, àwọn ẹbí àti ọ̀rẹ́ ń wọlé wá bá wọn yọ̀. Wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù ní ọjọ́ 16. Àwọn ará ìjọ rẹ̀ wá gbàdúrà fún un níbẹ̀, wọ́n gbé ọwọ́ lé e. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn òṣìṣẹ́ ọsibítù náà ló fọwọ́ kan an. Ó kú ní ọjọ́ 22. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni èsì àyẹ̀wò jáde pé Ẹ́bólà ni. Ìyàwó rẹ̀, tí òun náà jẹ́ dókítà, kó o, ṣùgbọ́n Ọlọ́run yọ ọ́. Aláìsàn mìíràn tó wà ní ọsibítù kan náà pẹ̀lú rẹ̀ kó o, ó sì kú. Ó lé ní 500 èèyàn tí wọ́n ní láti máa wá kiri ní Port Harcourt, láti máa wọn ara wọn bóyá ó ń gbóná.

Àwọn àgbà kò purọ́ pé bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò tí kò dára, tí a kò bá tètè sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Ìkọ̀kọ̀ òtẹ́ẹ̀lì yẹn ni kòkòrò náà. Hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ dé ilé ọmọ tuntun, ó dé àárín àwọn ará ìjọ, ó dé bẹ́ẹ̀dì aláìsàn tí kò mọ nǹkan kan. Gbogbo rẹ̀ lápapọ̀, 20 èèyàn ló kó Ẹ́bólà ní Nàìjíríà, ẹni 8 kú, kí Àjọ Ìlera Àgbáyé tó kéde ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá pé ó ti tán nílẹ̀ wa. Ayé yìn wá pé a tètè paná rẹ̀. Òótọ́ ni. Ohun tó paná náà ni pé wọ́n béèrè lọ́wọ́ ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn pé níbo lẹ lọ, ta lẹ rí, wọ́n sì dáhùn.

Ṣùgbọ́n ìtàn ẹ̀kọ́ kì í dá ẹnì kan ṣoṣo lẹ́bi. Ìdí wà tí aláìsàn fi ń parọ́, kò sì yẹ ká fojú fò ó. Nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn lùkúlùkú, ìyẹn ọ̀fìnkìn burúkú, wọ Èkó ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1918, ọkọ̀ ojú omi Bida ló gbé e wá láti etíkun Gánà. Ìjọba amúnisìn rán wolé-wolé láti ilé dé ilé láti wá aláìsàn jáde. Ojú ọlọ́pàá ni aráàlú fi wò wọ́n. Àwọn kan gbé aláìsàn wọn pamọ́, àwọn mìíràn sá kúrò ní Èkó, wọ́n sì gbé àrùn náà dání lọ sí ìlú àwọn baba wọn. Ní Ìjẹ̀bú-Òde, nígbà tí oògùn òyìnbó kò rí i ṣe, ọ̀dọ́mọbìnrin kan, Sophia Ọdúnlámì, bẹ̀rẹ̀ sí í kéde pé omi òjò àti àdúrà ni kí èèyàn gbára lé. Òun àti Joseph Ṣàdáre àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn wà lára àwọn tó fi ìpìlẹ̀ ìjọ Aládùúrà lélẹ̀. Àwọn onímọ̀ ìtàn fojú bù ú pé nǹkan bí ìdajì mílíọ̀nù èèyàn ni àrùn náà pa ní Nàìjíríà. Ibi tí dókítà bá ti jọ ọlọ́pàá, aláìsàn yóò di ọ̀daràn tó ń sá.

Ní 2020, ọ̀nà mìíràn ni a tún gbà lé aláìsàn sá. Ẹni tó bá wúkọ́ ní gbọ̀ngàn ọsibítù, gbogbo ojú á yí sí i. Àwọn ọsibítù kan kò tilẹ̀ gba ẹni tí ara rẹ̀ ń gbóná wọlé, torí àwọn òṣìṣẹ́ náà ń bẹ̀rù, ohun ìdáàbòbò kò sì tó wọn lọ́wọ́. Ní Kánò, nígbà tí ikú ń pọ̀ ní oṣù Kẹrin, ìjọba àpapọ̀ rán àwọn onímọ̀ lọ wádìí. Èsì tí Mínísítà Ìlera nígbà náà, Osagie Ehanire, ka síta ní oṣù Kẹfà ni pé 979 èèyàn ló kú ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́jọ nínú ìlú náà, ìdá 56 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ló sì kú sílé. Nígbà tí ilẹ̀kùn ọsibítù bá tì, orí ẹní ni aláìsàn ń kú sí. Ẹni tó mọ̀ pé wọn yóò lé òun bí òun bá sọ òótọ́, ṣé irọ́ kọ́ ni yóò gbé wọlé?

Àwọn ọmọ wa tó wà ní Ìlú Ọba rí ojú mìíràn. Níbẹ̀, olúkúlùkù ló ní dókítà tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé rẹ̀, GP ni wọ́n ń pè é. Ní oṣù Kẹta ọdún 2020, wọ́n ní kí aláìsàn má kàn yọjú mọ́, kó kọ́kọ́ pe fóònù. Àwa náà níhìn-ín, àjọ NCDC tó ń gbógun ti àjàkálẹ̀ àrùn fún wa ní nọ́ńbà tí a ó máa pè. Ẹ wo ohun tí fóònù ṣe sí iṣẹ́ dókítà. Kò lè fọwọ́ kan iwájú orí ọmọ. Kò lè wo ojú bóyá ó pọ́n. Lórí fóònù, ẹnu aláìsàn ni ojú dókítà. Bí ẹnu bá sì dákẹ́, a ti fọ́ ọ lójú nìyẹn.

Nítorí náà, ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ wà fún ẹ̀yin tó ń tọ́jú wa, láti ọ̀dọ̀ ọ̀jọ̀gbọ́n dé ọ̀dọ̀ oní-kẹ́míìsì. Bí aláìsàn bá sọ ohun tó tì í lójú, ẹ má ṣe pariwo lé e. Bó bá ní òun ti mu àgbo, ẹ má ṣe fi ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ bi í léèrè irú ewé tó jẹ́. Bí àìsàn rẹ̀ bá kọjá agbára yín, ẹ kọ ìwé fún un lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ má ṣe lé e síta. Ẹ má sì gbà láti wo ẹnikẹ́ni ní kọ̀rọ̀ lásìkò àjàkálẹ̀ àrùn. Ọ̀rẹ́ tó ní kẹ́ ẹ wá fa omi sí òun lára nílé, kẹ́ ẹ má jẹ́ kẹ́nì kan gbọ́, ẹ rántí òtẹ́ẹ̀lì Port Harcourt.

Èkejì wà fún àwa aláìsàn àti ẹbí. Kí a tó kúrò nílé, kí a ti ka nǹkan mẹ́rin sórí: ọjọ́ tí àìsàn bẹ̀rẹ̀, ibi tí aláìsàn ti dé láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹni tó ṣàìsàn tàbí tó kú ní sàkání rẹ̀, àti gbogbo ohun tó ti lò, yálà ti kẹ́míìsì, ti àgbo tàbí ti ilé àdúrà. Kí a sọ gbogbo rẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n bi wá. Ohun tó tì wá lójú jù nínú rẹ̀, òun ni ká kọ́kọ́ sọ, torí òun ni ahọ́n wa yóò fẹ́ gbàgbé.

A kúkú mọ ohun tí wọ́n fi ń ki ìlú wa. Ẹ̀ṣọ́ Ìkòyí kì í gba ọfà lẹ́yìn. Iwájú gangan ni jagunjagun Ìkòyí fi ń gba tirẹ̀, ibi tí gbogbo èèyàn yóò ti rí i. Ọfà tó bá wọlé láti iwájú, ẹni tó fẹ́ fà á yọ yóò rí ìdí rẹ̀ dì mú. Èyí tí a bá fi agbádá bò, inú ẹran ara ni yóò jẹrà sí.